Mọ́tò Gọ́ọ̀fù Tó Fẹ́ Lọ Oko: Ẹ Wo Bíréèkì Kí Ẹ Tó Ra Táyà!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ nílé wa, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó di ẹkún. Mo ní kí n sọ ọ́ síta, torí mo mọ̀ pé bùrọ̀dá mi nìkan kọ́ ló ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀.

Bàbá bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Oko kòkó ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, lápá Ìdànrè níbi tí òkè pọ̀ sí. Ẹsẹ̀ Bàbá ò gbé wọn dé oko mọ́. Ọ̀kadà ń mì wọ́n jù, owó epo náà sì ti di nǹkan mìíràn láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀. Ni bùrọ̀dá mi bá lọ rí ògbólógbòó mọ́tò gọ́ọ̀fù kan níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Ẹ mọ̀ ọ́n: mọ́tò kékeré tí kò ní ilẹ̀kùn, tí àwọn olówó fi ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ lórí pápá. Iná bátìrì ló ń lò, kì í mu epo. Bùrọ̀dá ní èyí ló máa gbé Bàbá lọ sóko.

Èrò yẹn ò burú. Ìlú Augusta ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ E-Z-GO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú mọ́tò yìí lọ́dún 1954. Lọ́hùn-ún, àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ máa ń ra àlòkù rẹ̀, wọ́n á gbé e ga, wọ́n á fi táyà ńlá sí i, wọ́n á wọ igbó lọ. Àwọn ọdẹ tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í pariwo lé ẹran sá.

Ṣùgbọ́n ẹwà ni bùrọ̀dá wa kọ́kọ́ fi owó rà. Ó kun mọ́tò lọ́dà pupa. Ó ní kí wẹ́dà fi irin gbé e ga ní íǹṣì mẹ́fà. Táyà tó bá a wá ga ní íǹṣì 18, ó yọ ọ́, ó fi ti íǹṣì 22 sí i. Àwọn ọmọdé àdúgbò pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé Bàbá síwájú, èmi jókòó sẹ́yìn, mo di àdá àti ike omi wọn mú. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ọsàn. Bùrọ̀dá tẹ bíréèkì, kò mú. Ó tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́tò. Bàbá ò pariwo, wọ́n kàn di irin ìjókòó mú. Inú igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀ la lọ kọlù. Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ká bá ara wa lórí òkúta inú odò. Orúnkún Bàbá bó, ara èmi ń gbọ̀n bí ewé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé gbóná. Àǹtí wa fóònù láti Èkó pé kí wọ́n ta mọ́tò náà fún àwọn onírin kíákíá. Bàbá ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní, "Mọ́tò ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó kùn ún lọ́dà tí kò wo ìdí rẹ̀ ló ṣẹ̀ mí. Ẹ tún un ṣe. Mo ṣì fẹ́ rí igi kòkó mi."

Bí a ṣe ránṣẹ́ pe àgbà rìwáyà kan láti Àkúrẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Àkọ́kọ́, bíréèkì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò gọ́ọ̀fù àtijọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì wọn wà. Èyí tí a rà yìí ò sì ní jíà tí èèyàn lè fi fà á sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ó ń yí lọ ni. Táyà tó ga sì ń jẹ agbára. Láti íǹṣì 18 sí 22, bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tó fi ń gun òkè ló lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára bíréèkì. Nígbà tí wọ́n yọ táyà ẹ̀yìn, ṣúù bíréèkì ti jẹ tán, irin ló ń ha irin, wáyà bíréèkì sì ti dípẹtà. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá gíga mọ́tò padà sí íǹṣì mẹ́ta, táyà sí íǹṣì 20, torí mọ́tò tó bá ga jù máa ń dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè.

Èkejì, bátìrì. Mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́ltì mẹ́fà, tí wọ́n so pọ̀ di fọ́ltì 36. Ìwọ̀n gbogbo wọn tó nǹkan bí kílò 170. Wọ́n gba iná kún, wọ́n sùn mọ́jú, a wá fi mítà wọ̀n wọ́n. Èyí tó dáa gbọ́dọ̀ lé ní fọ́ltì mẹ́fà àti díẹ̀, bíi 6.3. Méjì ò tó mẹ́fà rárá. Bùrọ̀dá ní ká ra méjì péré. Àgbà rìwáyà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ so ọmọ ogún ọdún mọ́ arúgbó, ẹ ní kí wọ́n jọ gbé ẹrù. Ta ló máa kọ́kọ́ ṣubú?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì lọ fi bátìrì mọ́tò lásán sí i. Èyíinì kàn wà láti ta ẹ́ńjìnnì jí ni, kò lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Bátìrì lithium fúyẹ́ jù, àmọ́ ó fẹ́ ṣájà tirẹ̀, owó wa ò sì tó o.

Ẹ̀kẹta, wáyà. Àwọn tín-ín-rín àtijọ́ ń gbóná lórí òkè, a fi èyí tó nípọn rọ́pò. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ tú orí negative. Tí irin abẹ́ bátìrì bá ti jẹ, ẹ gbé bátìrì jìnnà kí wẹ́dà tó tan iná, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè bú gbàù.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le: ìta gbangba ni kó ti máa gba iná, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ má lò ó kọjá ìdajì kí ẹ tó fi iná sí i. Omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i lẹ́yìn tó bá gba iná tán, kì í ṣe omi kànga.

Ní báyìí, Bàbá ń lọ sóko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi kòkó, wọ́n á máa júwe ibi tí ká ti ro. Mọ́tò náà ò sáré, a ò sì fẹ́ kó sáré. Ọ̀dà pupa yẹn ti ń ṣí lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wá léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tún irú rẹ̀ ṣe, ẹ kọ̀wé sí wa kí àwa náà gbọ́n sí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.