Ta Ló Ní Àwọ̀ Rósì Kò Yẹ Ọmọkùnrin?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Ọmọ tuntun tí kò tí ì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ta ló pinnu pé àwọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ̀?

Láyé ìsinsìnyí, bí obìnrin bá bímọ, kò ní tíì sinmi tán kí àwọn ará ilé tó dá ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní kí wọ́n ra pupa fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí à ń pè ní rósì. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tí à ń pè ní búlúù. Kí ìyá kan wọ rósì fún ọmọkùnrin, ẹ ó gbọ́ ẹnu ayé: "Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di obìnrin ni?" Èmi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ń gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó bí ọmọkùnrin nígbà ọyẹ́. Ọmọbìnrin ni àkọ́bí rẹ̀. Súwẹ́tà tí àkọ́bí yìí lò wà nílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà. Rósì ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó ya. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun kò fẹ́ rí i lára ọmọkùnrin òun. Ni wọ́n bá dá aṣọ padà sínú àpótí. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, owó kò sì sí lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ yẹn fi wà nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí ìyá rẹ̀ tó yá 1.500 fáráǹkì tó fi ra súwẹ́tà búlúù. Èyí tó rà kò tilẹ̀ nípọn tó èyí tó wà nínú àpótí. Ikọ́ ti mú ọmọ kó tó di ìgbà náà. Ẹ bi ọyẹ́ bóyá ó mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa ni. Àṣà wo? Òótọ́ ni pé àwọn baba wa ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ sí ọmọbìnrin. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Wọ́n ń lu etí ọmọbìnrin, wọ́n ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí. N kò bá èyí jà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, níbo ni ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀? Inú ìkòkò aró kan náà ni àwọn ìyá wa ti ń rẹ ìró ìyàwó àti ṣòkòtò ọkọ. Ẹni tó ń sin Ṣàngó ń wọ pupa, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹni tó ń sin Ọbàtálá ń wọ funfun, àti ọkùnrin àti obìnrin.

Ẹ̀yin ará Kétu ni kí ẹ tilẹ̀ bá mi sọ ọ́. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ṣebí ọkùnrin ni. Ó ró ìró obìnrin aláràbarà, ó di ọ̀já, ó ń jó láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa. Bí ó bá bọ́ aṣọ náà tán, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba oko lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ó ti di obìnrin. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé pé ohun iyebíye ni. Aṣọ obìnrin kò ba àgbà ọkùnrin jẹ́ lójú agbo. Súwẹ́tà ni yóò wá ba ọmọ oṣù méjì jẹ́?

Ẹ tún wo èdè wa. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé díẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, wọ́n ní òmíràn fún obìnrin. Àwa ń sọ pé "ó lọ", ó tán. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ẹni tí a kọ́kọ́ bí ni à ń wò.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ rósì àti búlúù ti wá, kò sì pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn pàápàá. Nígbà kan rí, gáùn funfun ni ọmọ kéékèèké ń wọ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àti ọkùnrin àti obìnrin, nítorí pé aṣọ funfun ṣeé sè nínú omi gbígbóná títí ìdọ̀tí yóò fi jáde. Nígbà tó yá ni àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in! Ní ọdún 1918, ìwé ìròyìn kan tí àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé ń kà ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé rósì ni ti ọmọkùnrin, búlúù ni ti ọmọbìnrin. Wọ́n ní rósì ló lágbára, búlúù ló rọra. Ní ọdún 1927, Astrid, ìyàwó àrólé ọba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, bímọ. Wọ́n ti fi rósì ṣe ibùsùn ọmọ náà lọ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin ni wọ́n ń retí. Obìnrin ló bí. Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945 ni èyí tí à ń tẹ̀ lé lónìí yìí wá fìdí múlẹ̀. Àwọn tó ni òfin ti yí i padà, àwa wá dì í mú bí ẹni pé Odùduwà ló fi lélẹ̀.

Ta ló ń jèrè rẹ̀? Ẹni tó ń tajà ni. Bí aṣọ ẹ̀gbọ́n obìnrin kò bá ṣeé wọ̀ fún àbúrò ọkùnrin, ìyá gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀mejì.

Owó nìkan kọ́. Ẹ wo ọmọbìnrin tí a wọ gáùn rósì eléésì fún. Kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gun igi. "Má ba aṣọ jẹ́!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lórí igi máńgòrò nínú ṣòkòtò dúdú, ó ń já èso, ó ń mọ ọ̀nà oko, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Nígbà tó bá yá, a ó ní ojo ni obìnrin. Àwa náà la fi aṣọ dè é mọ́ àga. Ọmọkùnrin pẹ̀lú kò bọ́: bí ó bá fẹ́ràn àwọ̀ òdòdó, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi sunkún, wọn a sì tún ní ọkùnrin kì í sunkún.

Nílé ìwé ìjọba wa, kakí ni ọmọkùnrin ń wọ̀, kakí ni ọmọbìnrin ń wọ̀. N kò tíì rí ọmọbìnrin tí kakí hu irùngbọ̀n fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà Wàndó, tàbí Missèbo ní Kútọnu, tí wọ́n tú ìdì aṣọ àlòkù sílẹ̀, tí ẹni tó ń tà á bá bi yín pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?", ẹ sọ iye oṣù ọmọ fún un. Ẹ fi ọwọ́ wo bóyá aṣọ náà nípọn. Ẹ ka bọ́tìnnì rẹ̀ bóyá ó pé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.