Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Pápákọ̀ Òfuurufú Ìbàdàn àti Àwa Ará Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni ó máa ń kọ́kọ́ dá sí i. Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú tí ó wà ní Alákìá ní Ìbàdàn ni. Ní ọdún 2025 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, láti sọ ọ́ di ibi tí ọkọ̀ òfuurufú yóò ti máa gbéra lọ tààrà sí òkè-òkun. Owó tí a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà ju bílíọ̀nù 40 náírà lọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ohùn méjì ní Ṣakí àti ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn kan ń yọ̀. Àwọn kan ń kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tí ń kùn ní lẹ́nu: “Kí ni ti àgbẹ̀ Òkè-Ògùn nínú ọkọ̀ tí ń fò?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbéra láti ilẹ̀ Íjíbítì balẹ̀ ní Kánò. Ní ọdún 1946 àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1958, Nàìjíríà yọ ti ara rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì ń pè é ní Nigeria Airways. Ẹni tí ó jẹ́ mínísítà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú wà lábẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà ni Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ àti olóòtú ìwé-ìròyìn rí, kí ó tó wá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 2023, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi sọ pápákọ̀ Ìbàdàn.

Orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Nigeria Airways fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, kú ní ọdún 2003. Ní ìtòsí wa níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dáwọ́ lé pápákọ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, wọ́n fi orúkọ Olóyè M. K. O. Abíọ́lá pè é kí iṣẹ́ tó parí. Owó wọlẹ̀, iṣẹ́ sì dúró. Ìlọrin ní pápákọ̀. Àkúrẹ́ ní tirẹ̀. Adó-Èkìtì àti Ìpẹru ní tiwọn. Èkó sì ni baba gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ èrò tí ń lọ sí Àbújá nìkan ni Ìbàdàn gbójú lé, a ń bẹ̀rù pé owó yìí yóò di omi tí a dà sínú agbọ̀n.

Kí ni ó ń mú pápákọ̀ ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ilé aláràbarà tí èrò ń jókòó sí. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré lé kí ó tó fò ni pàtàkì. Ti Ìbàdàn gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2.4 kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Overland fi ń ná Ìbàdàn sí Àbújá láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ooru ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́lẹ́, apá ọkọ̀ kì í sì í rí i gbára lé bí ti ilẹ̀ òtútù; nítorí náà ọkọ̀ ńlá tí ẹrù kún inú rẹ̀ níláti sá eré gígùn. Ọ̀rọ̀ epo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí kò bá ti sí epo fún ọkọ̀, ọkọ̀ níláti gbé epo àbọ̀ rẹ̀ dání. Ìwọ̀n epo náà sì ni ìwọ̀n ẹrù tí kò ní lè gbé. Nítorí náà, a kò bá àwọn tí ń sọ pé ìnáwó lórí ojú ọ̀nà àti epo jẹ́ ìfiṣòfò ṣe. Ohun tí a ń béèrè ni ẹrù tí yóò wọ inú ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Iṣu wa kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú; ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n wúwo, owó orí wọn kò sì tó owó ọkọ̀. Ojú omi ni ọ̀nà tiwọn. Ohun tí ó yẹ ọkọ̀ òfuurufú ni ohun tí ó fúyẹ́ tí owó rẹ̀ sì pọ̀, tàbí ohun tí yóò bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ lọ́nà. Àwa ní méjèèjì. Aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn fúyẹ́, ó sì lówó lórí. Níbikíbi tí Yorùbá bá ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe Lọ́ńdọ̀nù, a ń wá a. Máńgòrò wa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní àsìkò rẹ̀ a ń rí i tí ó ń jẹrà lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe owó.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣakí lé ní 150 kìlómítà sí Ìbàdàn. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí ó jẹ́ kìlómítà 65, ti di ọ̀nà gidi, ẹni tí ó bá sì ń ti Ìṣẹ́yìn kó aṣọ lọ sí Ìbàdàn mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n máńgòrò tí ó bá fọ́ nínú gbágungbàgun kí ó tó dé Ìṣẹ́yìn, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò tún un ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ní àṣẹ. Èkíní, kí ọ̀nà rere wọ inú àwọn abúlé tí irè ti ń wá, kì í ṣe kí ó dúró ní ẹnu ibodè ìlú ńlá. Èkejì, kí a kọ́ ilé ẹrù tí ó tutù sí Alákìá, pẹ̀lú àwọn tí yóò máa yẹ irè wò níbẹ̀, kí àgbẹ̀ má baà tún máa gbé e lọ sí Èkó. Ẹ̀kẹta, níwọ̀n ìgbà tí a ti fi orúkọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ní Yorùbá sọ ibẹ̀, kí a máa kéde ọ̀rọ̀ fún èrò ní èdè Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá àgbẹ̀ tí ó tẹ̀lé ẹrù rẹ̀ débẹ̀ má baà dà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ìjọba kọ́ ni yóò sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parapọ̀ ní Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kì í sọ irè búburú di rere. Ó kàn ń mú ìtìjú rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ parapọ̀ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ ń fọ́n sí oko. Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ má ṣe fi òwú tí kò dára ba orúkọ tí àwọn baba yín fi sílẹ̀ jẹ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé Òkè-Ògùn bá wà ní ìmúra, pápákọ̀ Ìbàdàn yóò jẹ́ ẹnu ọ̀nà wa sí ayé. Bí kò bá sí ní ìmúra, ariwo ọkọ̀ lókè orí ni yóò jẹ́ ìpín wa.