Ẹ Sọ Ibi Tó Ti Ń Dùn Yín, Ẹ Yé Bú Alùpùpù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín. Alùpùpù ti wó lù mí rí. Kì í ṣe orí eré o, orí ìdúró ni. Ilé epo kan ní Abẹ́òkúta ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi ní alùpùpù ńlá tí mo gùn lọ. Mo ti sanwó epo tán, mo fẹ́ fẹsẹ̀ tì í síwájú díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè. Ibi tí epo dà sí ni mo fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹsẹ̀ yọ̀, alùpùpù sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí màlúù tó fẹ́ sùn. Mo dì í mú títí, agbára mi ò ká a. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ta epo ló gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí mo délé, tí ìyàwó mi rí i pé mò ń tiro, mo ní òkúta ni mo fẹsẹ̀ kọ.

Irọ́ tí mo pa fún ìyàwó mi yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Irọ́ kan náà ni àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá ti ń pa láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún wá, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn wí.

Ẹ wo Gold Wing, alùpùpù ńlá tí ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan ń ṣe. Kì í ṣe alùpùpù ọjà, kì í sì í ṣe ti ọ̀kadà. Alùpùpù ìrìn àjò ni. Tọkọtaya tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já ni wọ́n ṣe é fún. Oṣù kẹwàá ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé, níbi ìpàtẹ alùpùpù kan ní ìlú Cologne, ní Jámánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 999 cc, sìlíńdà mẹ́rin, méjì sùn sápá ọ̀tún, méjì sùn sápá òsì. Omi ló ń tù ú lára bíi ti mọ́tò. Kò ní ṣéènì, ọ̀pá irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn. Ohun tó dà bíi táǹkì níwájú ẹni tó gùn ún, táǹkì kọ́ rárá, abẹ́ ìjókòó ni epo wà.

Kí ni àwọn alùpùpù-ni-mo-gùn-dàgbà wí sí i? Ariwo ta! Wọ́n ní èyí kì í ṣe alùpùpù, mọ́tò tó sọ táyà méjì nù ni. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ìyẹ́ Wúrà. Àwọn ẹlẹ́yà yí i padà sí Lead Wing, ìyẹ́ òjé. Ẹ gbà mí o! Ọkọ̀ tí kì í já ṣéènì sí ẹni lọ́wọ́ láàárín aginjù, tí kì í gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òun náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi bí ẹni pé ìyà tí wọ́n ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni oyè tí wọ́n jẹ, tí ẹni tí kò bá jẹ irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nígbà náà tí wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Alùpùpù yìí dára, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń pa wá láyà, a ò sì ríbi kó ẹrù sí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gold Wing àkọ́kọ́ ò ní gíláàsì tí ń dá atẹ́gùn dúró, kò sì ní àpótí kankan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Craig Vetter ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe gíláàsì tí àwọn èèyàn ń rà so mọ́ alùpùpù wọn. Nígbà tó di ọdún 1980, Honda fúnra rẹ̀ gbé èyí tó ń jẹ́ Interstate jáde, tòun ti gíláàsì, tòun ti àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ló so èso? Ṣé ti ẹni tó ní "mọ́tò ni" ni, àbí ti ẹni tó ní "àyà ń tutù mí"?

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí bàtà gbé ń jẹ ẹsẹ̀.

Gold Wing ti ọdún 1975, kí wọ́n tó bu epo sí i, tó nǹkan bí 265 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún ni, ó tún lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bù kún un. Ẹ́ńjìnnì di 1100 ní 1980, ó di 1200 ní 1984. Ní 1988 ó di 1520 cc, sìlíńdà mẹ́fà. Ní 2001 ó di 1832 cc. Wọ́n fi rédíò sí i, wọ́n fi àpótí mẹ́ta sí i. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi àpò tí í fẹ́ wúkẹ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí òmíràn nínú wọn. Alùpùpù ọ̀hún wá kọjá 400 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ rèé, lórí táyà méjì!

Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn yóò sọ pé bó bá ti ń sáré, ìwúwo rẹ̀ kò sí mọ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sùn sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ìwúwo wà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé eré nìkan ni alùpùpù ń sá? Ṣé kì í dúró níbi iná ojú pópó ni? Ṣé wọn kì í fẹsẹ̀ tì í wọ inú ilé ni? Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, orí ìdúró ni tèmi gbé wó lù mí.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnu àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ò gbà á láti sọ pé, "Ó ti wúwo jù fún mi." Ojú ń tì wọ́n. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló bá wọn fi ọgbọ́n bo àṣírí. Nínú ti 1988 yẹn, wọ́n ṣe é kí mọ́tò iná tí ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì lè máa ti alùpùpù padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á rọra fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Hà, wọ́n mà tẹ̀ ẹ́ o! Mo wá bi wọ́n léèrè: bí alùpùpù yín ò bá wúwo jù yín lọ, kí lẹ ń fi bọ́tìnnì ẹ̀yìn ṣe?

Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni Honda fi Gold Wing tuntun ti ọdún 2018 hàn. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dín in kù. Wọ́n yí irin ẹsẹ̀ iwájú padà kí kòtò ojú ọ̀nà má baà máa gbọn ọwọ́ ẹni. Wọ́n ṣe òmíràn tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, jíà méje. Wọ́n sì dín ìwúwo rẹ̀ kù ní bí 40 kílò, ó kù díẹ̀ kó pé àpò sìmẹ́ńtì kan. Èmi rò pé ijó ni wọn yóò bẹ́ sí. Rárá o! Ariwo tó ta ju ti 1974 lọ.

Kí ló dé? Wọ́n ní wọ́n ti gé àpótí wọn. Gbogbo àpótí tó ń gba bí 150 lítà tẹ́lẹ̀ ló di 110. Táǹkì tó ń gba 25 lítà di 21. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tó ń gun irú ti 2001 yẹn, fi tẹlifóònù pè mí lóru, ó ń bínú bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ohun tí wọ́n ṣe yìí kì í ṣe Gold Wing mọ́. Ohun ìṣeré ọmọdé ni!"

Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tó kọ́kọ́ dé ní mọ́tò ni. Àwọn tó kẹ́yìn ní ohun ìṣeré ni. Ọkọ̀ kan náà, èébú méjì, kò sì sí èyí tó wúlò nínú wọn.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó pariwo ní 2018 ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní, "Akoto ńlá méjì, tèmi àti ti ìyàwó mi, kò wọ inú àpótí ẹ̀yìn yìí dáadáa." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, ó ní orí, ó ní ìdí. Ní 2021, Honda mú àpótí ẹ̀yìn láti 50 lítà lọ sí 61, akoto méjì sì wọlé. Bó ṣe rí pẹ̀lú gíláàsì ní 1980 náà ló rí pẹ̀lú àpótí ní 2021. Ẹni tó bá fọwọ́ tọ́ ibi tó ti ń dùn ún, oníṣẹ́ á rí ohun tó máa tún ṣe. Ẹni tó bá ń bú, kí ni kí oníṣẹ́ ti ibẹ̀ tún ṣe?

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn gan-an nìyí. Wọ́n pariwo nípa àpótí, wọ́n pariwo nípa táǹkì. Àwọn mìíràn ní akọni tòótọ́ a máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà. Ṣùgbọ́n mélòó ló sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ dín ìwúwo rẹ̀ kù, nítorí orúnkún mi ò gbà á mọ́"? Àwọn àgbà wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹ bá ń fẹ́ àpótí ńlá, tí ẹ ń fẹ́ táǹkì ńlá, tí ẹ ń fẹ́ rédíò, ta ni yóò bá yín ru igbá náà lọ́jọ́ tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀?

Ẹnìkan lè ní, "Ìwọ oníròyìn Èkó, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Alùpùpù tó lé ní ogún ẹgbẹ̀rún dọ́là!" Ó kàn mí, nítorí pé ẹsẹ̀ èèyàn ò mọ iye tí wọ́n ra ohun tó wó lù ú. Bajaj tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò pé 130 kílò. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà nínú Gold Wing kan, èyí tí wọ́n dín kù yẹn náà ni mo ń wí. Síbẹ̀, ẹ wo ọlọ́kadà wa tó gbé èrò mẹ́ta àti àpò gàrí kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró. Ẹ bi í bóyá ẹrù yẹn ò pọ̀ jù. Yóò ní, "Kò sí nǹkan, mo lágbára." Àìsàn kan náà ni, owó ọkọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ìyẹn ni mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi padà lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ti àpótí sílẹ̀. Bí alùpùpù yín bá ṣubú nísinsìnyí, ṣé ẹ lè dá a gbé dìde?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé tẹlifóònù ti já. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ aládùúgbò ti bá mi gbé e lọ́dún tó kọjá." Wọ́n tún ní, "Má kọ ọ́ sínú ìwé o."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo ti kọ ọ́. N kò sì dárúkọ yín. Ẹ lọ gun èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ wò, kí ẹ tó bú u. Bí àpótí rẹ̀ bá kéré, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ó kéré. Bí tiyín bá sì ti wúwo jù fún yín, ẹ sọ ọ́ síta, kò sí ẹ̀sín níbẹ̀.

Èmi náà ti sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe òkúta.