Ta Ni Yóò Sọ Fún Un Pé Ilẹ̀ Ti Mọ́?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ láti inú àṣìṣe èmi fúnra mi. Nínú kíláàsì tàjúwíìdì tí mo máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo kọ àwọn háràfù kan sí ojú pátákó, mo fa ìlà pupa sí ìdí wọn, mo ní, "Ẹ wo èyí, kí ẹ sì wo ìyẹn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ wọn." Arákùnrin kan láti Ẹ̀pẹ́, ẹni tí kò ríran láti kékeré, dá mi dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ má bínú, èwo ni 'èyí', èwo sì ni 'ìyẹn'?" Oṣù mẹ́ta ni ó ti wà nínú kíláàsì náà. Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń na ìka sí ohun tí kò lè rí, tí n kò sì fura. Mo bi í léèrè bí ó ti ń ṣe pẹ̀lú àwọn ìwé tí mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dáhùn pé fóònù òun máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ sókè sí òun létí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé orí ìwé tèmi, kò ní ohun mìíràn láti sọ ju pé fọ́tò ni. Òótọ́ ni. Ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ ni mo máa ń yà ní fọ́tò, tí n ó sì fi ránṣẹ́.

Ojú tì mí. Ó sì yẹ kí ó tì mí, nítorí pé ní ilé kéwú àtijọ́, èyí tí àwa tí a pe ara wa ní alátùn-únṣe máa ń bu ẹnu àtẹ́ lù, irú èyí ì bá má ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àlùfáà yóò ké e sókè, ọmọ yóò tún un ké. Ẹni tí kò rí wàláà yóò fi etí gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ Àlùkùránì ṣe dé ọwọ́ àwọn afọ́jú káàkiri àgbáyé. Sheikh Muhammad Rifat, ẹni tí wọ́n fi kíké Àlùkùránì rẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ rédíò Íjíbítì ní ọdún 1934, afọ́jú ni láti kékeré. Sheikh Abdul-Aziz bin Baz, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ́ka sí fátúwà rẹ̀, pàdánù ojú rẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́, síbẹ̀ òun ni ó jẹ́ Mùfútì Àgbà ilẹ̀ Saudi Arabia láti ọdún 1993 títí ó fi kú ní 1999. Bí ẹni tí ń kọ́ wọn bá ti ń sọ pé "ẹ wo èyí" bí mo ti ṣe, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ wọn?

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa, ẹ̀kọ́ bọ́ sí orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orí fóònù kò padà sẹ́yìn mọ́. Ó yẹ kí èyí jẹ́ àánú ńlá fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà láti Ẹ̀pẹ́ gba Itoikin dé Ìkòròdú mọ ohun tí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn yóò fojú rí kí ó tó dé kíláàsì: dánfó tí kò fẹ́ dúró de kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà tí kò lè gùn, àtẹ̀gùn ilé alájà méjì. Kíláàsì wá tọ̀ ọ́ wá nínú ilé. Àwa sì tún ti ilẹ̀kùn mìíràn mọ́ afọ́jú àti adití.

Ìtàn Abdullah ọmọ Ummu Maktum kì í ṣe àjèjì sí yín. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nítorí tirẹ̀ ni Súrà Abasa, tí í ṣe Súrà 80, fi sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ó wá béèrè ìmọ̀ tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ń bá àwọn olórí Kùráṣì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A máa ń ṣe wàásù lórí èyí dáadáa. Èyí tí a kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní Mọ̀dínà. Ànábì fi ọkùnrin afọ́jú yìí ṣe adelé rẹ̀ sí ìlú nígbà tí ó bá rin ìrìn-àjò. Ó sì fi í ṣe ládànì pẹ̀lú Bilal. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Bilal a máa pe ìrun nígbà tí òru kò tíì parí, Ànábì sì ní kí àwọn ènìyàn máa jẹ sààrì wọn lọ títí ọmọ Ummu Maktum yóò fi pe tirẹ̀. Ẹ wòye rẹ̀: ààwẹ̀ odindi ìlú rọ̀ mọ́ ohùn ẹni tí kò rí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀! Báwo ni ó ti ṣe ń mọ àkókò? Hádíìsì náà ṣàlàyé rẹ̀: kì í pè é títí wọn yóò fi sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́.

Wọn kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó ríran. Wọn kò sì fi í síbẹ̀ kí ó máa tá rọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́ fún un, kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ohun tí arákùnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní, "Mélòó ni wọn? Ẹnì kan ni afọ́jú nínú ọgọ́rùn-ún." N kò mọ̀ bí ẹni tí ó ti ka Súrà Abasa ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan péré ni ó wá ní ọjọ́ náà.

Òmíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ti ṣe òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011 ní ìgbà Gómìnà Fashola, ìjọba àpapọ̀ sì fi ọwọ́ sí òmíràn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 tí ó sọ ìyàsọ́tọ̀ àkàndá ẹ̀dá di ìwà ọ̀daràn. Láti ọdún 2017 ni àjọ JAMB ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tí ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá wọlé tán, tí olùkọ́ sì fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí i, òfin wo ni yóò bá a kà á? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní LASUSTECH ní Ìkòròdú, àti ní ọgbà LASUED tí ó wà ní Noforija ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni ẹ jókòó sí kíláàsì. Ẹ lè bẹ olùkọ́ pé kí ó fi ìwé tí a tẹ̀ ránṣẹ́ dípò fọ́tò. Bí kò bá rí i ṣe, ẹ pín ojú-ewé láàárín ara yín kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kọ̀ǹpútà tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ bá a gba NVDA sórí rẹ̀; ọ̀fẹ́ ni, àwọn afọ́jú méjì ará Australia, Michael Curran àti James Teh, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ náà kò nílò owó rẹpẹtẹ. Kí olùkọ́ sọ ohun tí ó ń kọ bí ó ti ń kọ ọ́. Bí àwòrán bá wà, kí ó kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí abẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kì í jẹ dátà tó fọ́tò, nítorí náà gbogbo wa ni yóò jàǹfààní, títí kan àwọn àgbàlagbà wa tí wọ́n ní láti sọ lẹ́tà di ńlá kí wọ́n tó lè kà. Ìṣòro kan wà o: àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ Gẹ̀ẹ́sì kà ju Yorùbá wa lọ, àmì ohùn a sì máa dà wọ́n láàmú. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí ọ̀dọ́ kan tí ohùn rẹ̀ já gaara máa ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sínú fóònù kí a fi ohùn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé. Fún àwọn adití, fídíò wàásù tí kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ ní ìsàlẹ̀ dà bí ògiri ni. Kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí a bá sì rí ẹni tí ó mọ èdè tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ, kí a fi í sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kì í ṣe igun kótópó kan.

Ó dùn mí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa ń rántí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jù, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí a ó ki owó sàráà bọ inú abọ́ wọn, tí a ó sì kọjá lọ gbọ́ kútúbà. A ń sọ pé agbe ṣíṣe kò yẹ Mùsùlùmí. Mélòó nínú wọn ni a ti bi léèrè bóyá ó fẹ́ wọ kíláàsì?

Ìwé ìròyìn yìí náà ń jẹ nínú ẹ̀bi yìí, nítorí fọ́tò ojú-ewé rẹ̀ ni a máa ń pín kiri lórí fóònù. Mo ti bẹ olóòtú pé kí àpilẹ̀kọ yìí jáde ní títẹ̀ àti ní ohùn. Arákùnrin Ẹ̀pẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo tún ti sọ pé "ẹ wo èyí" níbì kan.