Èló ni ìjókòó ọjọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé?

Bí oṣù Kẹrin bá ti wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí oòrùn sì yọ fún ọjọ́ méjì léra, ìpolówó ilé pákó inú ọgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ènìyàn kiri lórí fóònù. Ilé kékeré onífèrèsé gíláàsì ni. Wọ́n á gbé e sáàárín òdòdó, àga méjì onítìmùtìmù á wà lẹ́nu ọ̀nà, tíì á máa rú èéfín lórí tábìlì. Nínú àwòrán yẹn, kò sí ọmọdé, kò sí kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà, òjò kì í sì í rọ̀ níbẹ̀ láéláé. Iye tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í dẹ́rù bani. Èyí tó kéré lè má tó £1,000. Èyí tí ẹni mẹ́rin lè jókòó sí láìfi orúnkún gbá ara wọn á wà láàárín £2,000 sí £3,000.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ní Kent ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé pákó yìí láti ìgbà òtútù. Ọkọ ti ri èèkàn mọ́lẹ̀, ó ti ta okùn yí igun ẹ̀yìnkùlé wọn ká. Ìyàwó kò bá a jiyàn lórí èèkàn. Ó kàn bi í pé, “Olówó orí mi, èló ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́?” Ọkọ dárúkọ £2,400, torí iye tó rí nínú ìpolówó nìyẹn. Ìyàwó, tó ti ṣe akápò ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín tọ́ sí i. Owó pákó nìkan ni £2,400, ilé kì í sì í dúró lórí koríko. Amọ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà á wú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sún kì, á sì sán. Ilé pákó tí wọ́n bá gbé lé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìlẹ̀kùn ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Tó bá di oṣù Kọkànlá, tí pákó ti mu omi yó, ẹ ó fi èjìká tì í kó tó ṣí, bó bá sì ṣí tán, kò ní í gbà kí ẹ pa á dé mọ́. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣí koríko kúrò, tó ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, tó ń gún un kó le, kó tó wá da kọnkéré lé e lórí, tí kò sì ní í yé gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán iṣẹ́ yìí sínú ìpolówó, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bóyá ilé náà yóò pẹ́ láyé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún wọn. Pákó £2,400. Ká ní kọnkéré gba £900, àwọn tó máa tò ó gba £400, oníná tó níwèé ẹ̀rí gba £800 láti ri wáyà onírin mọ́lẹ̀ láti inú ilé lọ síbẹ̀. Ó di £4,500. A kò tíì ra àga. Pákó tún fẹ́ kíkùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jẹrà. Ẹ fi £60 sí ìyẹn lọ́dọọdún. Bí ilé náà bá lo ọdún 15, gbogbo owó tó gbé mì yóò jẹ́ £5,400, ìyẹn £360 lọ́dún kan. Mi ò tíì ka ti awọ ọlọ́dà tí wọ́n fi ń bo òrùlé, tí atẹ́gùn máa ń kọ́kọ́ ká sókè níbi igun, tí omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí tìmùtìmù.

£360 yẹn ni kí ẹ gbé lọ́wọ́, kí ẹ sì bi ara yín pé ọjọ́ mélòó lọ́dún ni ìdí yín máa kan àga ibẹ̀. Ẹni tó bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ ń san £12 fún ìjókòó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo ọgọ́fà ọjọ́ ń san £3, kò sì sí ilé kọfí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa gbà yín jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ ní iye yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjìlá péré ni ẹlòmíràn máa ń lò ó. £30 nìyẹn lójúmọ́ kan, kí ènìyàn tó lè jókòó sínú pákó lẹ́yìn ilé ara rẹ̀.

Ojú ọjọ́ kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ilé pákó tí wọn kò fi nǹkan kan sínú ògiri rẹ̀ láti gba òtútù dúró, oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni tirẹ̀. Tí ooru bá wá mú gan-an, bí irú èyí tó dé ìwọ̀n Celsius 40.3 ní Coningsby ní England lọ́jọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, gíláàsì yẹn á sọ ọ́ di ààrò. Èyí tí wọ́n fi nǹkan dí ògiri rẹ̀, tí ènìyàn lè lò láàárín oṣù Kìíní, nǹkan mìíràn ni. Owó tirẹ̀ lè lé ní £15,000 láìtíì ṣe fáàrí kankan. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni àwọn tó ń tà á ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Wọ́n á fi àwòrán ìgbà òtútù ta ilé ìgbà ooru fúnni.

Ti òfin kò le. Ní England, ènìyàn lè gbé e kalẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ bí kò bá sí níwájú ilé, bí kò bá ga ju mítà 2.5 nígbà tí ààlà aládùúgbò kò bá jìn sí i tó mítà 2, bí gbogbo ohun tí ẹ kọ́ sínú ọgbà kò bá sì gba ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé yín ká. Ẹni tó ń gbé fúláàtì kò sí nínú àǹfààní yìí. Àwa Yorùbá ni mo sì ń bá wí níbi tó kàn: ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ ni màmá yín máa sùn bí wọ́n bá wá láti ilé láti wẹ ọmọ tuntun. Ibi tí ènìyàn bá ti ń sùn, òfin ìkọ́lé tirẹ̀ yàtọ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Kí òfin tó sọ̀rọ̀ gan-an, ta ni ó fẹ́ gbọ́ ohun tí Màmá máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá padà délé, pé àwọ́n wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, inú ilé pákó ni wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn sí?

Ọ̀rọ̀ tó kù, ọ̀rọ̀ owó tó lè ṣe nǹkan mìíràn ni. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Báńkì àgbà ilẹ̀ náà ti fa èlé wálẹ̀ sí ìdá 0.1 nínú 100. Owó tó wà ní báńkì nígbà yẹn kàn ń sùn ni, àwọn ọmọ ń pariwo nínú pálọ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì ń pe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò lè bá ẹni tó ra ilé pákó lákòókò yẹn wí. Ọdún kan ṣoṣo ló fi jẹ èrè ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, èlé yẹn ti gòkè dé 5.25. Ìgbà ti yí padà. £4,500 tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbi tó ti ń mú ìdá 4 nínú 100 wá lọ́dọọdún yóò ti tó £8,100 lẹ́yìn ọdún 15. Ilé pákó ti jẹrà nígbà náà.

Ti ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ṣì sàn. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣe yín lóore. Bí èlé orí gbèsè yẹn bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lọ́dún, tí ẹ sì fi ọdún mẹ́rin san £4,500, nǹkan bíi £133 ni yóò máa jáde lóṣooṣù. Kí ẹ tó san án tán, owó náà yóò ti sún mọ́ £6,400. Ohun ìgbádùn tí a kò ní owó rẹ̀, kí a má rà á ló dára. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì ní í gbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé ilé pákó yóò fi kún iye tí ẹ máa ta ilé yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ń tà. Mo lè rí i lọ́kàn mi pé ẹni tó fẹ́ ra ilé á wo pákó tó ti fì, á sì bèèrè ẹni tó máa kó o kúrò.

Kì í ṣe pé ilé ẹ̀yìnkùlé kì í pa owó rẹ̀. George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé eré tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1925, ní ahéré pákó kan nínú ọgbà rẹ̀ ní Ayot St Lawrence, tí wọ́n gbé lé orí irin tó ń yí, kí ó lè máa darí rẹ̀ sí ibi tí oòrùn bá wà. Ó sọ ahéré náà ní London, kí àwọn ará ilé lè máa sọ fún àlejò tí kò fẹ́ rí pé ó ti lọ sí London. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀wé. Ti Peter Viggers kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣòfin tó ṣojú Gosport nígbà kan rí ni. Ọdún 2009 ni ìwé ìròyìn tú u síta pé ó kọ £1,645 sínú ìwé ìnáwó tó fẹ́ kí ìjọba san fún òun, owó ilé tó léfòó lórí omi, tó rà fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún rẹ̀. Wọn kò san án. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ẹ̀rín. Viggers fúnra rẹ̀ sì wá jẹ́wọ́ pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà kò fẹ́ràn ilé ọ̀hún. Ẹ bá mi ṣírò èló ni òru kan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ẹbí ọkọ nílé, Ìjẹ̀bú gbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù: “Àbúrò mi, owó yìí mà tó pílọ́ọ̀tì kan níbí o!” Ó lè tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní àwọn ibì kan. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní ọjà ìjọba. Láàárín ọdún kan, ó ti ju 1,500 lọ. Owó tí kò ju owó ilé pákó lọ ní Kent wá di nǹkan ńlá ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìwọ̀n tí a fi wọn ilé pákó, ẹ jẹ́ ká fi wọn ilé tí àwa tó wà lókè òkun kọ́ sílé. Ká ní ènìyàn fi £60,000 kọ́ ilé alájà kan, tó ń wá síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ní àkókò Kérésìmesì. Bí a bá pín owó yẹn sí ọgbọ̀n ọdún, ó lé ní £140 lóru kan. A kò tíì ka owó ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbádùn rẹ̀ láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kọkànlá, tó sì máa ń kó aṣọ rẹ̀ kúrò ní yàrá onílé bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn onílé bẹ́ẹ̀ máa fọ̀. Ilé nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe òkú bàbá, ibẹ̀ ni onílé ń retí láti padà sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kent á ti mọ̀ pé àwọn ní ìlú. Mo gbà. Ohun tí kò ṣe é kà wà nínú rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wá fún ìyàwó tó wà ní Kent ní irú àyè bẹ́ẹ̀, torí pé kì í ṣe ìlú òyìnbó ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sí ìta. Ní ilé baba rẹ̀ ní Èkìtì, abẹ́ odán ni wọ́n ti ń gba afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè èrè lọ́wọ́ odán.

Ohun tó ń dá tọkọtaya náà dúró báyìí kì í ṣe owó mọ́, ìlò ni. Mo ní kí wọ́n ra àtíbàbà oníràbà tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé àga sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ àti ìgbà tó máa jókòó. Ìyàwó lò ó dáadáa. Ó máa ń gbé Bíbélì àti tíì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù bó bá ti tibi iṣẹ́ òru dé. Ọkọ ò jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe lọ́jọ́ tó ń sun ẹran. Síbẹ̀ ó ní bí àwọn bá fi kọ́ ilé pákó náà, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, kí òun lè máa wo bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ní bí tẹlifíṣọ̀n bá wọlé, àdúrà jáde nìyẹn. Wọ́n ti wá sún ọ̀rọ̀ náà sí ìgbà tí àkọ́bí wọn bá parí yunifásítì. Okùn àti èèkàn ọkọ ṣì wà nílẹ̀, ìyàwó sì ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí àárín wọn.