Ìdènà Ojú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀

Ẹjọ́ àwọn ìdènà tí ó wà lójú ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ gba Àgbádárìgì wá sí Èkó ti pọ̀ létí wa, a kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: a kò lòdì sí ibodè. Láyé àwọn baba wa, ìlú olódi kì í ṣe aláìní oníbodè. Ẹnu odi ni í jókòó sí. Òun ni í mọ àlejò tí ó wọlé àti ẹrù tí ó jáde, òun náà ni í sì í gba owó ibodè fún àwọn tí ó fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá gba àgbàjù, a mọ agbo-ilé olóyè tí a ó ti lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ta ni a ó fi ẹjọ́ ti òde òní sùn fún? Ọlọ́jà tí ó ti san gbogbo owó ẹrù rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ kò tíì rìn jìnnà tí yóò fi kan àgbá méjì àti igi gbọọrọ tí a fi dábùú ọ̀nà. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣàlàyé, yóò "rí wọn". Láìpẹ́ yóò tún kan òmíràn. Ẹlẹ́wù àwọ̀ kan ni ó ni ti ìhín, ẹlẹ́wù àwọ̀ mìíràn ni ó ni ti ọ̀hún, ti iwájú kò tilẹ̀ ní ẹ̀wù kankan lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ọdún 1979 tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé ní Dakar pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn máa wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà fún 90 ọjọ́!

Wọn a ní nítorí onífàyàwọ́ ni. Nítorí rẹ̀ náà ni Ìjọba fi ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, a kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó. Alájàpá tí ó gba ojú títì ni igi dá dúró.

Èyí tí ó burú ju ti owó lọ ni ti òru. Ilẹ̀ a ṣú, igi àti àgbá a sì wà níbẹ̀ láìsí àtùpà. Bí òjò bá ń rọ̀, awakọ̀ lè má rí wọn títí yóò fi kọ lù wọ́n, òun àti gbogbo èrò tí ó kó.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni ìdènà sí ara pákó níbẹ̀. Kí a tan iná sí i lóru. Kí ẹni tí ó bá gbowó fúnni ní rìsíìtì. Kí a má sì sọ pé kò ṣeé ṣe, nítorí ní ọdún 2004 Ìjọba kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a wó àwọn ilé tí a ti ń gba owó lójú títì rẹ̀, a sì wó wọn. Ìdènà tí kò bá ní olóhun, kí a kó o kúrò. Àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja ní Àgbádárìgì yóò mọ ohun tí wọn yóò fi igi rẹ̀ ṣe.