Ẹ Ka Ọjọ́ Mọ́ Owó Afárá

Ní ẹ̀ka wa, gbogbo wa la mọ̀ pé “afárá” ní ìtumọ̀ méjì: èyí tí à ń gbà kọjá lórí omi, àti èyí tí oyin ń kọ́. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà pé àwọn ẹnjinníà ti so méjèèjì pọ̀. Ní 1996, ní Kansas ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi fáíbà ṣe ojú afárá kan, inú rẹ̀ sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Fáíbà yìí bá èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ tan: okùn gíláàsì tín-ín-rín tí oje kẹ́míkà lẹ̀ pọ̀. Kì í dípẹtà, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti kankéré lọ.

Kí ló kàn mí? Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n ni mò ń gbà relé. Tí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Elegbeka, gbogbo èrò a dákẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn agbébọn ti pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Adéùsì, ní oṣù kọkànlá 2020. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni ewu wà.

Tí a bá fẹ́ da ojú afárá kankéré tuntun, ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjinníà máa ń kà kí agbára rẹ̀ tó pé. Ti fáíbà, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é parí. Wọ́n kàn máa gbé e lé orí irin ni. Ní 1999, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí afárá irin kan ní Wellsburg, New York, tí wọ́n kọ́ ní 1940. Ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù 200 lọ ló kúrò lọ́rùn irin náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní ó wọ́n ju kankéré lọ, àti pé tí táńkà epo bá gbiná lórí rẹ̀, oje náà kò ní lè fara dà á. Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe gbogbo afárá ni mo ní kí a fi ṣe. Àwọn kékeré tí irin ìsàlẹ̀ wọn ṣì le, tó jẹ́ ojú wọn nìkan ló gbó, ni mò ń sọ.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà nílé iṣẹ́ ìjọba, ẹ bá wa sọ fún wọn: tí wọ́n bá ń ṣírò owó afárá, kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí ọ̀nà máa fi dí mọ́ ọn. Àwa èrò ọkọ̀ là ń san ìyẹn.